Àbúrò ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀: páàdì mélòó, oògùn wo?

Ọmọ Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò kan, ẹni ọdún 19, ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ ní yunifásítì kan ní Aberdeen, ní Scotland, lóṣù kẹsàn-án. Inú máa ń run ún gan-an tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń pọ̀. Páàdì ti gba ìdajì báàgì. Kí ni kó kó, kí ni kó fi sílẹ̀?

Àǹtí Glasgow:
Kó yọ páàdì yẹn kúrò. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni òfin Scotland ti kàn án nípá fún yunifásítì àti ìjọba ìbílẹ̀ láti máa pèsè páàdì àti tampon (òwú tí wọ́n ń kì bọ ojú ara) lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀. Ẹni tó ń lo páàdì 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, 25 ló máa ná lóṣù kan. Kó kó ti oṣù kan péré, torí àlejò lè dé bá a lójú ọ̀nà. Àyè tó kù, kó fi gbé èlùbọ́.

Wọn kì í ju páàdì sínú ṣáláńgá oníṣíṣàn o. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń mu omi wú, a sì dí páìpù gbogbo ilé. Kó wé e, kó sọ ọ́ sínú bíìnì ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Tó bá sì fẹ́ gbìyànjú tampon, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ nínú ara, kó má sì fi sùn mọ́jú.

Ọmọ Ọ̀wá, Leeds:
Ẹ jẹ́ ká fẹjú mọ́ inú rírun yẹn. Òṣómàáló ni: tó bá ti lóṣòó tán, kò ní dìde títí tó fi gbowó rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti pàdé rẹ̀. Prostaglandin ni ohun tó ń mú kí ilé ọmọ máa fún pọ̀. Ibuprofen máa ń dá ara lẹ́kun pé kó má ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde, kò lè dá a padà. Ìdí nìyí tí ẹni tó dúró di ìgbà tó ń yí nílẹ̀ fi máa ń sọ pé oògùn òyìnbó kò jẹ́. Bí ẹ̀yìn bá ti ń ro, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá kan pátá, kó jẹun, kó lo 200mg méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ dédé gbé e mì. Kó dúró ti paracetamol 500mg, méjì lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ju 8 lọ láàárín wákàtí 24.

Àwọn ọmọ wa a máa kó Feldene àti diclofenac wá láti kẹ́mísì ní Lágéré, wọ́n á tún fi ibuprofen lé e lórí. Ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ikùn ni wọ́n sì ti ń jà. Orúkọ wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn páálí ni kó máa kà, kì í ṣe gàdàgbà iwájú.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà:
Èyí tó jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀. "Ó ń pọ̀" kò nítumọ̀ létí dókítà UK níbí, òǹkà ni wọ́n ń gbọ́. Ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n sì máa ń fún èèyàn. Kó ra ìwé kékeré, kó fa ìlà márùn-ún: ọjọ́, iye páàdì, bó ṣe rin tó (ìdajì tàbí rin gbindin), ìrora láti 0 dé 10, oògùn tó lò. Oṣù mẹ́ta irú rẹ̀ tó fi gba ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ pupa tó gba páàdì bá dé. Àbàwọ́n aláwọ̀ kọfí tó ṣáájú kò sí nínú rẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, tí òmíràn dé ní ọjọ́ 31, ọjọ́ 28 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá, ni wọ́n bá ń pariwo pé àwọn ń rí i lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. 21 sí 35 kò burú. Àìsùn àti àìjẹun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò rí i, tí kò sì lóyún, kó lọ rí dókítà.

Ohun tó ń fi hàn pé ó pọ̀ jù nìwọ̀nyí: kó máa pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, kó wọ méjì pọ̀ kó ṣì yí aṣọ, kó lé ní ọjọ́ 7, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ tó dì tóbi ju owó ẹyọ 10p ti UK lọ.

Kó tó kúrò nílé, bóyá Ifẹ̀ ni o, bóyá ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ni o, kó gba ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ àti ti scan. PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) ni wọ́n ń kọ nílé, haemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) ni wọ́n ń kà níbí. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá: PCV 27 á di nǹkan bí i 90. Obìnrin tí kò lóyún, 120 ló yẹ kó tó, ó kéré tán. Kó béèrè ferritin mọ́ ọn. Ìyẹn ni àká iron inú ara: ẹ̀jẹ̀ lè ṣì pé lójú kí àká ti gbẹ. Tó bá wà lábẹ́ 30, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, kó má fi tíì gbé e mì, omi ọsàn ló dáa. Ìgbẹ́ á dúdú, kó má bẹ̀rù.

Ọmọ Ọ̀wá, Leeds:
Kó má sọ pé "stomach" o. Àwa ń pe gbogbo rẹ̀ ní inú, àwọn á máa wá àìsàn ìfun kiri. "Period pain" ni kó sọ.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà:
Ó ṣe é! Wọ́n á tún bi í bóyá ó ń bá ọkùnrin lò, bóyá ó lóyún. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bi, kì í ṣe ìwọ̀sí. Wọ́n sì lè fi oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ̀ ọ́, torí ó ń mú kí ara ilé ọmọ fẹ́lẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ àti ìrora dín kù. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyá wa pé ìyẹn kọ́ ni ìṣekúṣe. Tí kò bá fẹ́ ẹ, tranexamic acid wà: 500mg méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò ju ọjọ́ 4 lọ, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nìkan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ èyíkéyìí fún un. Wọn kì í gba owó oògùn tí dókítà bá kọ ní Scotland.

Àbúrò gan-an:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àǹtí mi. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀jẹ̀ bá yí ńkọ́? Omi gbígbóná ni?

Àǹtí Glasgow:
Rárá! Omi gbígbóná ń se ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń se ẹyin ni, tó bá ti jiná mọ́ aṣọ, ó parí. Omi tútù àti iyọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó o fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ kó tó dé inú ẹ̀rọ. Ra rọ́bà omi gbígbóná fún ikùn: kì í ṣe omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, má jẹ́ kó kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, tẹ afẹ́fẹ́ jáde kó o tó dé e, fi tówẹ̀ẹ̀lì wé e. Òdòdó kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀: òǹkà àárín ni ọdún tí wọ́n ṣe é, ewé 12 tó yí i ká ni oṣù. Tó bá ti lé ní ọdún méjì, sọ ọ́ nù, ó lè bẹ́ sí ọ lára.

Ọmọ Ifẹ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀la ló máa lọ gba ìwé PCV. Èlùbọ́ yẹn, kílò mélòó ni wọn ò ní fi dá a dúró?

Àǹtí Glasgow:
Ẹ lọ ṣí ti èlùbọ́ lọ́tọ̀.