Ìwé tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí ní kúárì

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Mo rí ohun tí àbúrò wa sọ, pé ọ̀gá wọn ní kásúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó dùn mí, torí ohun tí wọ́n sọ fún àwa náà nìyẹn ní kúárì kan, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ní Ìjùmú. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Eruku òkúta là ń gbé mì níbẹ̀. Kò sí ìbòmú. Ẹni tó bá fara pa, owó ara rẹ̀ ni yóò fi gba ìtọ́jú. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèpàdé lẹ́yìn iṣẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò kan létí títì, wọ́n gbé ìwé kan jáde. Ojú ewé kan péré: orúkọ, àyè ìfọwọ́sí, àti pé èmi lágbájá kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, n kò sì ní wọ ẹgbẹ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí. Súpáfáísọ̀ dúró nídìí ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà, ó di bírò mú, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, kó má padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má bá wọn wí, ọmọ ń bẹ nílé. Bàbá kan tó ń wa kátápílà ló ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kan kí ọmọ òun kà á fún òun. Wọ́n fún un. Ẹ̀dà yẹn la gbé tọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ ní Lọ́kọ́ja.

Akọ̀wé wọn ṣí Òfin Òṣìṣẹ́ sí abala 9, ẹsẹ 6: àdéhùn iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fi dandan lé e pé kéèyàn wọ ẹgbẹ́ tàbí kó má wọ̀ ọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ lé e torí ohun tó ṣe fún ẹgbẹ́ lẹ́yìn àsìkò iṣẹ́. Ìpàdé abẹ́ máńgòrò wa bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Síbẹ̀, wọ́n lé àwọn méjì tó ń ṣáájú wa nínú ìpàdé náà. "Iṣẹ́ ti dínkù" ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà wọn. Ibẹ̀ ni òfin ti ń ṣòro lò, torí kò sí ọ̀gá tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lòun ṣe lé èèyàn. Ẹ̀dà ọwọ́ bàbá yẹn ló tú u fó. Ẹgbẹ́ fi há lẹ́tà tiwọn, wọ́n ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ló kàn. Ilé iṣẹ́ pe àwọn méjèèjì padà. Ọ̀kan padà. Èkejì gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́, ó lọ dáko iṣu ní Bùnú.

Àbúrò, abala 40 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó wọ̀ ọ́. Kò yọ kásúà sílẹ̀. Láti 1960 ni Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn 87 àti 98 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tó dá lórí ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ìdáhùn láti Ìsánlú: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní iléèwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni, ẹnu ni wọ́n fi kìlọ̀ fún wa, kò sí ìwé. Mo ti kọ ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ó wúlò?

Ó wúlò, àbúrò. Jẹ́ kí àwọn tó gbọ́ ọ kọ tiwọn náà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ máa ṣèpàdé yín lẹ́yìn tí iléèwé bá ti parí.