Orin géèmù yìí jọ orin ẹgbẹ́ màmá mi, ẹ gbà mí o

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Lánàá, nílé wa l'Adó-Èkìtì, àbúrò mi ń ṣe géèmù Tetris lórí fóònù, èyí tó ní orin Game Boy (ẹ̀rọ géèmù alágbèéká) ọdún 1989. Màmá wa tó ń gún iyán gbé ọmọ odó dúró: “Ta ló ń kọ orin ẹgbẹ́ wa?” Ni wọ́n bá gbè é, wọn ò ṣì í rárá!

Mo mọ̀ pé orin ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Korobeiniki, ni ti géèmù yẹn. Èwo wá ni ti màmá? Wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ga níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí jùjú tó rí bẹ́ẹ̀? Àbí etí ló ń tàn wá ni?