Eku sham náà funfun báláú nínú TTC. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ọmọ Láàbù:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Iṣẹ́ rọpárọsẹ̀ nínú eku ni mò ń ṣe. Mo máa ń ti okùn náílọ́ọ̀nù gba inú iṣan ọrùn títí yóò fi dí ẹnu MCA, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan nínú ọpọlọ, mo á fi í síbẹ̀ fún 90 ìṣẹ́jú, mo á sì yọ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, mo á yọ ọpọlọ, mo á gé e ní ègé mílímítà 2, mo á rẹ ẹ́ sínú TTC 2%, èròjà tí ń sọ ibi tó yè di pupa, ní 37°C. Ìpele àkọ́kọ́ dára: ibi tó yè pọ́n, ibi tó kú funfun. Ìpele kejì ló rú mi lójú. Eku mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ sham, ìyẹn eku àfiwéra, n kò dí iṣan rẹ̀ rárá. Gbogbo ègé wọn funfun, ti sham pẹ̀lú! Eku tó ń sáré kiri inú àgò rẹ̀ kí n tó pa á! TTC náà ò tíì pẹ́, inú òkùnkùn ni mo sì fi í pamọ́ sí. Ọ̀gá mi ní kí n da ìpele náà nù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Eku:
Kí ọpọlọ tó dé inú TTC, kí lo kọ́kọ́ fi í sí? Sọ òótọ́, n kò ní bá ọ wí.

Ọmọ Láàbù:
Ojú tì mí, mà. Ilẹ̀ ti ṣú, mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fọ́málìn kí wọ́n má bàa bàjẹ́ di àárọ̀.

Ìyá Eku:
Ó tán! Ìwọ lo pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. TTC kì í ṣe aró tí èèyàn kàn ń rẹ aṣọ sí. Omi rẹ̀ ò láwọ̀. Dehydrogenase, àwọn ẹ́ńsáìmù inú mitochondria (ilé agbára sẹ́ẹ̀lì), ló ń sọ ọ́ di formazan, àwọ̀ pupa tí ò ń rí. Bí fọ́málìn bá ti dé ara wọn, iṣẹ́ wọn parí, ọpọlọ tó yè àti èyí tó kú á wá rí bákan náà. Kí ó pọ́n tán ná, kí o tó gbé ègé sínú fọ́málìn. Bó bá rọ̀ jù fún abẹ, fi í sí fírísà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, má jẹ́ kó dì. Kí o sì máa yí àwọn ègé náà padà nínú àwo. Mo ti fi odidi ọjọ́ kan ṣòfò rí, torí pé ègé lẹ̀ mọ́ ìdí àwo, ojú kan pọ́n, èkejì funfun, mo ń pariwo pé mo rí rọpárọsẹ̀ tuntun.

Corpus callosum, ìdì okùn tó so apá méjèèjì ọpọlọ pọ̀, náà a máa funfun díẹ̀ nínú ọpọlọ tó yè. Má kà á mọ́ òkú.

Olùwọ̀n:
Ìpele àkọ́kọ́ tó o ní ó dára ńkọ́, báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n? Ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ mú a máa wú. Bí o bá wọn ibi funfun nìkan, o ń ka wíwú mọ́ òkú. Ọ̀nà tí Swanson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1990 ni mò ń lò. Wọn odidi apá ọpọlọ tí a kò fọwọ́ kàn, wọn ibi pupa tó ṣẹ́kù ní apá kejì, yọ èyí kúrò nínú ìyẹn. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 50 mm², tí pupa tó ṣẹ́kù jẹ́ 32: òkú jẹ́ 18, ìyẹn 36%. Funfun fúnra rẹ̀ lè fún ọ ní 24, tí í ṣe 48%. Mẹ́fà tó lé yẹn, omi ni. Ṣe é ní ègé kọ̀ọ̀kan, ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o fi mílímítà 2 sọ ọ́ di púpọ̀. Kí ẹlòmíràn fi nọ́ńbà bo orúkọ eku kí o tó wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Láàbù:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè lo TTC fún àwọn eku tí mo fẹ́ tọ́jú dé ọjọ́ keje?

Ìyá Eku:
Rárá. Macrophage, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì, ti wọ ibẹ̀ wá palẹ̀ òkú mọ́ nígbà yẹn, àwọn náà sì ní mitochondria tiwọn. Wọn á pọ́n, ààlà á pòórá, wàá rò pé oògùn rẹ ti wo eku sàn. Cresyl violet, tí í ṣe aró sẹ́ẹ̀lì, tàbí MRI, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ, ni kí o lò.

Ọmọ Láàbù:
Mo tún ṣe méjì lánàá, láìsí fọ́málìn. Sham pọ́n látòkè délẹ̀. Mo sì tún ìpele àkọ́kọ́ wọ̀n bí Olùwọ̀n ṣe wí. Gbogbo rẹ̀ ló já wálẹ̀. Ọ̀gá mi ò tíì sọ̀rọ̀.