Amọ̀nà ni, kì í ṣe atukọ̀: àti ọ̀rọ̀ "ibu" tó dá wàhálà sílẹ̀ lójú omi Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí àkójọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ tú OpenCPN sí Yorùbá, ká bá òun wò ó bóyá àwọn ọ̀rọ̀ náà dáa. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà á, OpenCPN ni áàpù tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń lò lórí kọ̀ǹpútà láti fi wo máàpù omi, á gbé àmì ọkọ̀ yín sórí máàpù yẹn, bẹ́ ẹ ṣe ń lọ lòun náà ń lọ, wọn kì í gbowó ẹ̀, ẹni tó bá sì mọṣẹ́ lè tú inú ẹ̀ kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Àbúrò wa pe navigation, ìyẹn mímọ ibi tí ọkọ̀ wà àti ọ̀nà tó máa gbà, ní "ìtukọ̀", ó pe áàpù náà fúnra ẹ̀ ní "atukọ̀ orí kọ̀ǹpútà", ó pe latitude, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ibì kan ṣe jìn tó sí àríwá tàbí gúúsù, ní "ìbú", ó wá pe open source, ìyẹn ètò téèyàn lè tú inú ẹ̀ wò bí mo ṣe sọ yẹn, ní "orísun ṣíṣí". Ẹ ti ń kan sáárá sí i látìgbà náà, arábìnrin tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Bódìjà nìkan ló ní "ìtukọ̀" ń kọ òun lóminú, ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi arábìnrin yẹn sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ, mo sì lè jẹ́rìí sí i torí èmi ti gbé nǹkan yìí wọnú ọkọ̀, omi sì ti ta sí mi lára lórí ẹ̀.

Raspberry Pi 4 ni mo rà ní agbègbè Queen Cinema, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kò tóbi ju páálí sìgá lọ, mo ra GPS oní-USB kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà, mo ra sikirín ínṣì méje, mo wá ra nǹkan tó ń sọ iná bátìrì 12V di 5V kí Pi yẹn má baà jóná. Gbígbé OpenCPN sórí ẹ̀ ò le rárá, àṣẹ kan ni, sudo apt install opencpn, ó tán. GPS ló fẹ́ pa mí. Mo tì í bọ ihò USB, iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú, OpenCPN ò gbọ́ nǹkan kan. Mo yọ ọ́, mo tún tì í bọ̀ ọ́, títí ó fi sú mi. Àṣé Linux, ìyẹn ètò tó ń darí Pi yẹn, ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ dialout, tórúkọ èèyàn ò bá sí nínú ẹgbẹ́ yẹn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ohun tó ń gba ihò yẹn wọlé. Mo ní háà, kọ̀ǹpútà náà ní ilédì! Mo forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, mo pa á, mo tún un tàn, ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé:

$GPRMC,101542.00,A,0725.3108,N,00351.4420,E,...

Bí GPS ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, àwọn tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ gan-an ló sì pe ìlà kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn, torí náà gbólóhùn làwa náà máa pè é, kò sí ìjà níbẹ̀. Aago ló ṣáájú, 10:15 pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 42, aago Greenwich sì ni, ó ti di 11:15 n'Ìbàdàn. Lẹ́tà A yẹn ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe é gbà gbọ́, tó bá jẹ́ V ni kẹ́ ẹ má dá a lóhùn. Èyí tó tẹ̀ lé e, 0725.3108, kì í ṣe 7.25 o, dìgírì 7 àti ìṣẹ́jú 25.3108 ni, ẹni tó bá kà á sí 7.25 ti gbé ọkọ̀ ẹ̀ sọ nù ní bíi kìlómítà 19 sí gúúsù. Ẹ fi méje yẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń pẹja ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn níbí ló ni ọkọ̀, èmi ò lọ́kọ̀. A gbé àpótí náà síwájú, a tan án, máàpù àgbáyé tó bá OpenCPN wá ò mọ omi Ẹlẹ́yẹlé rárá, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló gbé wa lé. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀. Ìgbà kejì tá a lọ ni mo tó kó àwòrán OpenStreetMap, ìyẹn máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ tí omi fi hàn, àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ojú ti tì mí, mo wá fẹ́ fi ẹnu bò ó, mo ní "Má wo ti máàpù jàre, atukọ̀ tuntun rèé, òun ni yóò máa tukọ̀ láti òní lọ." Ó wo àpótí, ó wò mí. Ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀ sínú ọkọ̀, ó káwọ́ lé orúnkún. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ti mú atukọ̀ wá. Kó máa tù ú."

Díẹ̀díẹ̀ ni atẹ́gùn gbé wa títí a fi wọnú ojúoró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ wò ó dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ ni "tù" nínú èdè wa. Àwọn atukọ̀ inú ìwé Jónà, ṣebí wọ́n wa ọkọ̀ yẹn títí apá wọn ò ká a mọ́. Kódà nígbà tá a gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú omi, tí oníròyìn ń sọ lórí rédíò pé gómìnà lágbájá ló ń tukọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wà lórí nǹkan ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ti ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń júwe ọ̀nà. OpenCPN ò lọ́wọ́. Ó ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà, bẹ́ ẹ ṣe ń sáré tó, ibi tó kù tẹ́ ẹ máa dé, ó parí síbẹ̀.

Èyí tó tún wá burú ni pé ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń tukọ̀ lóòótọ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń ní ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ìtọ́kọ̀, tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì fúnra ẹ̀, OpenCPN sì lè máa fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yẹn pé yà síbí, yà sọ́hùn-ún. Tá a bá ti pe ẹni tó ń júwe ní atukọ̀, kí la fẹ́ pe ẹni tó ń yí ìtọ́kọ̀? Atukọ̀ kejì? Lórí sikirín kan náà tí èèyàn ti máa tẹ bọ́tìnnì?

Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ni òun ì bá pè é. Kò tiẹ̀ rò ó. Ó ní "Amọ̀nà ni. Ó mọ ọ̀nà, kò lápá." Mo ti wá ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí, àṣé ẹnu wa ló wà. Ètò amọ̀nà ni OpenCPN, navigation a sì jẹ́ ìmọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní amọ̀nà ń jẹ́ èèyàn, pé aṣáájú ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ amọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni atukọ̀ ń jẹ́ èèyàn, ẹ ò sì bínú sí ìyẹn. Ẹlòmíì á ní lójú omi kò sọ́nà. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó ń gba ojú omi lọ sọ́jà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ "ìbú". Nínú ìwé jọ́gíráfì ó dáa, ìlà ìbú, ìlà òòró, olùkọ́ á yà á sójú pátákó, gbogbo ọmọ á rí àmì ohùn. Àmọ́ mo ti fi ọ̀rọ̀ àbúrò wa dánra wò lọ́jọ́ tá a lọ ṣèkejì. Mo tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú fáìlì tí OpenCPN ti ń ka èdè, n ò tíì ṣètò kíbọ́ọ̀dù Pi yẹn fún àmì ohùn, mo bá tẹ̀ ẹ́ lóbòró. Ohun tó hàn ní igun sikirín ni "Ibu 7" àti àwọn nọ́ńbà tó kù. Ọ̀rẹ́ mi ka "Ibu 7", ó na àjẹ̀ wọnú omi, ó kan ilẹ̀ láìtíì rì dé ìdajì. Ó ní "Ibú méje kẹ̀? Níbo?"

Ìbú, ìyẹn fífẹ̀. Ibú, ìyẹn omi jíjìn. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ọmọ omi ò sì ní ka ìbú láé tó bá rí i lára ọkọ̀, ibú ló máa kà. Àbùkù tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé jákèjádò Ìbàdàn, latitude wa méje ni. Ẹ lọ sí Mọ́kọ́lá, ẹ lọ sí Ọjà Ọba, méje. Ìyẹn ni pé ibi yòówù tí ọkọ̀ bá dé lórí omi Ẹlẹ́yẹlé, á máa sọ fún apẹja pé jíjìn omi jẹ́ méje, ì báà jẹ́ etí bèbè níbi tí abẹ́ ọkọ̀ ti ń ha ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ọkọ̀ tó gba méje yẹn gbọ́, ẹ lè fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àjẹ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sọ fún mi pé ká sáà fi àmì ohùn sí i. Màá fi sí i, mo ti ń fi sí i báyìí. Àmọ́ sikirín ínṣì méje ni, oòrùn ń ta sí i, ọkọ̀ ń mì, ojú ọ̀rẹ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ẹ wá gbé ẹ̀mí èèyàn lé àmì kékeré orí lẹ́tà i. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá. Gbólóhùn GPS yẹn ti ní N àti E nínú tẹ́lẹ̀, mo kàn kọ "Àríwá 7° 25.31'" àti "Ìlà-oòrùn 3° 51.44'". Jíjìn omi, mo kọ "Jíjìn". Látìgbà yẹn kò tíì bi mí ní ìbéèrè kankan lórí ẹ̀.

Ti "orísun ṣíṣí", n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ibi tómi ti ń sun ni orísun, Ẹlẹ́yẹlé sì ní dáàmù. Ẹ dúró létí dáàmù kẹ́ ẹ sọ pé orísun ti ṣí, kẹ́ ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe máa sáré. "Ọ̀fẹ́" náà ò tó, torí ọ̀pọ̀ nǹkan lọ̀fẹ́ tí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rínú ẹ̀. Èmi ti fẹ́ dábàá "ètò aláìláwo", pé kò ní awo nínú, ọ̀gbẹ̀rì náà lè wọlé, inú mi ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i tí ìyàwó mi kà á sí ẹni tí kò ní àwo tó fẹ́ fi jẹun. Ẹni tó ń bú ibu! "Àtúwò" tí ọ̀gá wa ní Ṣángo mú wá dáa ju tèmi lọ, ohun tí èèyàn lè tú wò, mo fara mọ́ ọn.

Ibi tí n ò tíì rójútùú ẹ̀ ni ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí àti ibi tí ọkọ̀ ń lọ gan-an. Àbúrò wa pe méjèèjì ní "ìdojúkọ". Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ojúoró yẹn, ibòmíì ni imú wa kọjú sí, ìdí wa ló ṣáájú wọnú ewé. Mo ń lo "ìkọjúsí" fún àkọ́kọ́, "ìforílé" sì fẹ́ wù mí fún ìkejì, àmọ́ ẹni tó bá forí lé ibì kan ti pinnu láti lọ síbẹ̀, àwa ò sì pinnu ojúoró. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀.

Anchor ṣá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìdákọ̀ró. Àwọn tó ṣẹ̀dá ìyẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àbúrò wa, fi fáìlì rẹ ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé, màá gbé e dé Ẹlẹ́yẹlé, tó o bá sì fẹ́ bá wa lọ, aago méje àárọ̀ la máa ń wọ ọkọ̀. Wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, yànmùyánmú ibẹ̀ ò mọ ọ̀mọ̀wé.