Ẹ gbà mí o! Fáda Dublin ní ìwé ìsàmì mi ti gbó jù

Ìyàwó Ojú Ọ̀nà, Dublin: Ẹ̀yin ará, ìgbéyàwó wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀ o. Fáda ibí ní òun ò gba ìwé ìsàmì tí mo mú wá, èyí tí Mọ́mì ti tọ́jú látìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n tún fi rọ́bà bò! Tuntun ló fẹ́, èyí tí kò tíì ju oṣù 6 lọ. Kàtídírà Holy Cross ní Lagos Island ni wọ́n ti ṣèsàmì fún mi, ṣùgbọ́n a ti kó lọ sí Èbúté Mẹ́ta kí n tó wọ iléèwé. Ibo ni mo máa ránni lọ? Àti pé "Da Silva" ló wà nínú ìwé ọ̀hún, "Dasilva" ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi. Ṣé ó máa di wàhálà?

Ìyá Ìbejì, Houston: Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Wọn ò sọ pé ayédèrú ni. Tó o bá ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, wọ́n á ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ nínú ìwé ńlá tí ìsàmì rẹ wà. Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn báyìí nìkan ló lè sọ fún Fáda pé ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ mọ́.

Ọmọ Pópó Àgùdà, London: Má ṣe ránni lọ sí Èbúté Mẹ́ta o! Èmi rán àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti gba kọnfaméṣọ̀n lápá Mainland, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ wá. Wọ́n tú ìwé títí, wọn ò rí orúkọ mi. Ká tó rántí pé Island ni, ọjọ́ ti yẹ̀, owó gbọ̀ngán sì ti wọgbó.

Bọ̀dá Yàbá, Toronto: Ibi tí mo ti gba kọnfaméṣọ̀n ni mo ti gba tèmi, wọ́n sì so wá pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ìwé kọnfaméṣọ̀n nìyẹn. Ìlú méje lèèyàn lè gbé, ojú kan ni orúkọ ìsàmì ẹ̀ wà. Kọnfaméṣọ̀n gan-an, ó yẹ kí wọ́n fi tó ibẹ̀ létí.

Bọ̀dá Yàbá, Toronto: Ẹ̀yin Àǹtí, ìyàwó mi ń bẹ nínú ilé báyìí, ó ń dín dòdò. Ṣé kí n lé e ni?

Ọmọ Pópó Àgùdà, London: Fáda Toronto ò ka ìwé ni 😂

Ọmọ Katikíìsì, Peckham: Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn. Kọ lẹ́tà, buwọ́ lù ú, fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ sí i, kí ẹni tí o rán mú un lọ sí ọ́fíìsì páríìṣì Holy Cross láàárín ọ̀sẹ̀. Kó má lọ lọ́jọ́ Sunday, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn lẹ́yìn Mísà. Kọ orúkọ bàbá, ìyá àti ìyá ìsàmì rẹ, ọjọ́ ìbí, àti ọdún ìsàmì tó o bá mọ̀ ọ́n. Bi Fáda rẹ bóyá ó fẹ́ òǹtẹ̀ Aṣíbíṣọ́ọ̀bù Èkó lórí ẹ̀. Ẹ sì yéé fi rọ́bà bo ìwé! Ìjọba Ireland ńkọ́? Oṣù 3 ṣáájú ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́.

Ìyàwó Ojú Ọ̀nà, Dublin: Ti ìjọba ti parí. Ẹ ṣé, sà.

Ọmọ Pópó Àgùdà, London: Ọmọ Holy Cross tiẹ̀ ni! Kí Fáda kankan tó wá jókòó l'Ékòó ní 1868, Pa Antonio, tí kì í ṣe Fáda rárá, ló ń kó àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tó ti Brazil padà dé, jọ fún àdúrà. Àwọn mọlémọlé tiwa, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tó parí ní 1881. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ni.

Bọ̀dá Yàbá, Toronto: Ará Island ti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn Fáda Dominican ti wà ní Yàbá láti 1951 o.

Ọmọ Pópó Àgùdà, London: 1951! Ìgbà yẹn ìyá ìyá mi ti jẹ frejon, ẹ̀wà olóje àgbọn wa, títí ó ti sú u.

Ìyá Ìbejì, Houston: Má dárúkọ frejon fún mi. Good Friday tó kọjá, mo fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀wà, ó rí bí ọbẹ̀ ọmọ ọwọ́. Asẹ́ ni Màmá mi máa ń fi jọ̀ ọ́, oje àgbọn á wá kún un dẹ́nu, gààrí díẹ̀ lórí, ọbẹ̀ ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Katikíìsì, Peckham: Peckham ni kẹ́ ẹ wá. Àgbọn tó ní omi nínú, a ní in.

Ìyàwó Ojú Ọ̀nà, Dublin: Ẹ jọ̀ọ́, Da Silva yẹn ńkọ́?

Ọmọ Pópó Àgùdà, London: Da Silva ti Bámgbóṣé Street ni àbí ti Campos? Tó bá jẹ́ ti Campos, bàbá yín ló máa ń wọ Karẹ́tà, eégún àwa Àgùdà, tó ń lé wa káàkiri lọ́jọ́ Easter!

Bọ̀dá Yàbá, Toronto: Ìwọ ló máa ń sunkún jù nínú wọn. Gbogbo Yàbá ló gbọ́.