Ṣé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kí n ti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, àbí ilé-ẹ̀kọ́ ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Akọ́ṣẹ́lọ́la:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ọmọ ọdún 24 ni mí, ó sì ti pẹ́ tí iṣẹ́ iná mànàmáná ti ń wù mí. Mo ti rí ọ̀gá kan tó fẹ́ gbà mí sọ́dọ̀, ó ní ọdún 4 ni n óò lò, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí n óò máa kọ́ ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun sì sọ fún mi pé láti ọdún kan àbọ̀ tí òun ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tí òun ń ṣe ju kí òun gbẹ́ ògiri, kí òun ti wáyà gba inú páìpù, kí òun sì gbé àkàbà lọ gbé e bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn, àbí kí n gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ? Ìṣirò inú iṣẹ́ náà tún ń bà mí lẹ́rù.

Oníná Àgbà:
Àbúrò mi, kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ iṣẹ́ gbẹ́ ògiri. Èmi náà gbẹ́ ẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ńṣe ni wáyà gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti òkè wá sísàlẹ̀ síbi súwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri náà lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ kàn án sí. Ohun tó burú ni pé kí ọdún kan àbọ̀ kọjá láìsí ẹni tó ṣàlàyé fún un ìdí tí wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì fi nípọn ju ti gílóòbù lọ.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan, bẹ ọ̀gá náà pé kí ó jẹ́ kí o bá òun lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kan péré. Má wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Ohun tí ó ń ṣe kí ó tó fọwọ́ kan wáyà ni kí o wò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á pa bírékà, ìyẹn súwíìṣì tó ń gé iná kúrò bí iná bá pọ̀ jù, á tì í pa, á sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi tẹ́sítà, irinṣẹ́ tó ń fi hàn bóyá iná wà, kan ibi tó dá a lójú pé iná wà, kí ó lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́. Á wá fi í kan wáyà tó fẹ́ tú, á sì tún padà fi í kan ibi tí iná wà. Ìgbà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ tẹ́sítà lè kú láàárín méjì, kí ó sì sọ fún ọ pé iná kò sí nígbà tí iná wà níbẹ̀. Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn. Ó yè é, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì kò ṣeé ká mọ́. Bí o bá rí ọ̀gá tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán iná wò, má kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí òkìkí rẹ̀ kàn tó.

Ọmọbìnrin Oníwáyà:
Mo wà ní ọdún kẹta ìkọ́ṣẹ́ mi. Ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀ ni mo ń lò lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 1 sì wà fún kíláàsì, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ mú ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ní ti ìṣirò, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá lè sọ nǹkan di ìlọ́po, tí ẹ sì lè pín in, ẹ ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ nílò níbẹ̀rẹ̀. Ìgbómikaná tó ń lo watt 2,300 (ìwọ̀n agbára tó ń lò) lórí iná volt 230 (ìwọ̀n ipá tó ń ti iná) yóò fa ampere 10 (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà), torí bí ẹ bá pín 2,300 sí 230, 10 ni ẹ óò rí. Wáyà tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé ju ìyẹn lọ, bírékà náà kò sì gbọ́dọ̀ tóbi ju agbára wáyà, nítorí wáyà gan-an ni bírékà ń ṣọ́. Òfin tí Georg Ohm ará Jámánì tẹ̀ jáde ní 1827, tó so volt àti ampere pọ̀ mọ́ ìdènà (bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ láti ṣàn), dà bí ìṣirò lásán lójú mi títí di ọjọ́ tí ọ̀gá mi tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń rùn. Ike ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, ó ti yọ́ wọnú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ súkúrù kan ṣoṣo ni ẹnì kan kò dè le. Ibi tí wáyà kò ti fara mọ́ irin dáadáa ni ìdènà ti pọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ooru ti ń jáde.

Olùyẹ̀wò Iṣẹ́:
Ọdún 3 sí 5 ni ìkọ́ṣẹ́ yìí sábà máa ń gbà, nítorí náà ọdún 4 kò pọ̀ jù. Ẹ ní kí ọ̀gá náà kọ ohun tí ẹ óò kọ́ ní ọdún kọ̀ọ̀kan sínú àdéhùn, pàápàá jù lọ ìgbà tí ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara yín yẹ iṣẹ́ tó parí wò. Kí ẹ sì ní ìwé kan tí ẹ óò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ yín sí, kí ọ̀gá máa fọwọ́ sí i, torí ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń béèrè ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé àṣẹ.

Akọ́ṣẹ́lọ́la:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀, ó sì gbà pé kí n bá òun lọ ní ọjọ́ Ajé. Kí ni kí n mú dání?

Oníná Àgbà:
Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó nípọn. Mú ìwé àti bírò dání. Bí o bá ní òrùka tàbí aago onírin, ilé ni kí o fi wọ́n sí.