Bí wọ́n bá ti Cape Point pa, ibo ni kí n gbé bàbá mi lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní North Carolina àti Virginia. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù kẹfà. Wọ́n fẹ́ràn ẹja pípa gan-an, mo sì ti ṣèlérí Cape Point, etíkun ìpẹja kan ní Cape Hatteras, North Carolina, fún wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè rìn jìnnà nínú yanrìn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ wa jíìpù wa dé etí omi.

Mo mọ̀ pé láti 2012 ni wọ́n ti ní kéèyàn gbàwé àṣẹ kó tó wakọ̀ sétíkun yẹn, àti pé kò sí ọkọ̀ wíwà níbẹ̀ lóru lásìkò ooru. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àsìkò yẹn gan-an ni ẹyẹ etíkun tí wọ́n ń pè ní piping plover ń pa ọmọ, tí ìjàpá òkun sì ń yé ẹyin. Wọ́n lè ti ọ̀nà pa mọ́ ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ọmọ ẹyẹ yẹn kéré, àwọ̀ rẹ̀ bá yanrìn mu, ó sì máa ń lúgọ sínú ipa táyà. Awakọ̀ wo ló máa rí i?

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti lọ lóṣù kẹfà rí? Ṣé afárá ìpẹja tó wà ní Avon rọrùn fún àgbàlagbà? Àbí kí n sún ìrìn náà sí oṣù kẹsàn-án?